Ìpèníjà Ìwé Kíkà ní Ilé-Ìkàwé Gbogbogbòò: Àpápá, Ajégúnlẹ̀ àti Ọ̀rọ̀ Ìwé Yíyá

Ìpèníjà ìwé kíkà ni ètò tí ilé-ìkàwé gbogbogbòò fi ń rọ àwọn ará àdúgbò, pàápàá jù lọ àwọn ọmọdé, láti ka iye ìwé kan láàárín àkókò tí a dá, tí wọn yóò sì máa kọ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá parí sínú káàdì tí ilé-ìkàwé fún wọn. Ó yàtọ̀ sí ìdíje, nítorí pé nínú ìdíje ẹnì kan ni yóò gbégbá orókè, tí àwọn yòókù yóò sì padà sílé lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n nínú ìpèníjà gbogbo ẹni tí ó bá ka iye tí a dá ni ó borí. Ilé-ìkàwé gbogbogbòò fúnra rẹ̀ ni èyí tí owó ìlú ń gbé ró, tí tọmọdé tàgbà lè wọ̀, tí ó sì yẹ kí wọ́n ti lè yá ìwé lọ sílé. Ìwé yíyá yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìpèníjà ìwé kíkà rọ̀ mọ́ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ní Èkó, òun náà sì ni àwọn tí ń ṣètò máa ń gbójú fò jù.

Ètò náà ti pẹ́ láyé. Ní Cleveland, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ilé-ìkàwé gbogbogbòò dá ẹgbẹ́ òǹkàwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní ọdún 1897, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ náà ni bí a ṣe ń tọ́jú ìwé tí a yá: kí ọwọ́ mọ́ kí a tó ṣí i, kí a má ṣe fà á ya, kí a dá a padà lásìkò. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lóde òní ni Summer Reading Challenge ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999 fún àwọn ọmọ ọdún 4 sí 11, tí àjọ The Reading Agency sì ń darí. Ìwé 6 ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ a máa yá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tàbí ní méjì-méjì nígbà ìsinmi gígùn, bí ó bá sì ti ń dá wọn padà ni òṣìṣẹ́ tàbí ẹnì kan tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ń bi í ní ohun tí ìtàn inú wọn dá lé, kí ó tó fún un ní sítíkà tí yóò lẹ̀ mọ́ káàdì rẹ̀. Irú ilé-ìkàwé tí ń ṣe èyí ni ti Peckham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, àdúgbò tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, tí a ṣí ní ọdún 2000 tí ó sì gba ẹ̀bùn Stirling tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn ayàwòrán ilé sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún yẹn kan náà.

Àwọn tí ó ń gbè lẹ́yìn irú ètò bẹ́ẹ̀ kò sọ̀rọ̀ lásán. Ní ọdún 1978, onímọ̀ nípa àwùjọ kan tí ń jẹ́ Barbara Heyns tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlú Atlanta jáde, ó sì fi hàn pé ìwé tí ọmọ bá kà nígbà ìsinmi ń fi kún ìmọ̀ rẹ̀, pé ilé-ìkàwé gbogbogbòò ń ṣe iṣẹ́ yìí ju ẹ̀kọ́ àsìkò ìsinmi pàápàá lọ, àti pé bí ilé ọmọ bá ṣe jìnnà sí ilé-ìkàwé ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń wọ́n níbẹ̀. Àwọn òbí Èkó tí ń fi gbèsè san owó sọ́mà lẹ́sìnnì ní oṣù Kẹjọ ìbá gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n apá kẹta ni ó kan Ajégúnlẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n.

Ní Nàìjíríà, ayẹyẹ ìwé kò wọ́n wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fi ètò Bring Back the Book lọ́lẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 2014 UNESCO fi Port Harcourt ṣe olú-ìlú ìwé lágbàáyé. Láti ọdún 1999 ni ẹgbẹ́ CORA ti ń ṣe àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà ti Èkó tí a mọ̀ sí LABAF. Bẹ́ẹ̀ ni ìdíje Spelling Bee ti New Era Foundation, tí Olúrẹ̀mí Tinubu dá sílẹ̀, ń sọ ọmọ ilé-ìwé tí ó bá borí di gómìnà ọjọ́ kan. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin tí UNESCO yà sọ́tọ̀ fún ìwé kì í sì í kọjá láìjẹ́ pé a ya fọ́tò. Èyí tí àwọn èèyàn rántí jù nínú gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ ti ọdún 2018, nígbà tí Bayode Treasures-Olawunmi jókòó sí ilé-ìkàwé YouRead ní Yaba láti ìparí oṣù Kejì wọ oṣù Kẹta, tí ó ń ka ìwé sókè fún wákàtí 120. Ó yẹ kí a kan sáárá sí irú ìfaradà bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni ó kàwé níbẹ̀, àwọn yòókù wòran. Ajégúnlẹ̀ tí ó tọ́ agbábọ́ọ̀lù Odion Ighalo dàgbà kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ kan àti líìgì tí a ń gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin: ayẹyẹ ni ti àkọ́kọ́, ìpèníjà ìwé kíkà sì ni èkejì.

Bí a bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ilé-ìkàwé ṣe rí ní agbègbè yìí, a ní láti wo ààlà tí ó pín in nígbà kan rí. Ní ọdún 1946 ni Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó dá ilé-ìkàwé sílẹ̀ fún ìlú pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ British Council. Àpápá, tí èbúté rẹ̀ ti ń gba ọkọ̀ òkun láti ọdún 1926, wà lábẹ́ Ìgbìmọ̀ Ìlú náà, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ tí ó wà létí rẹ̀ gan-an, níbi tí ọ̀pọ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ń sùn, wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí a ń ti Ìbàdàn ṣàkóso. Ní Ìbàdàn yìí kan náà ni UNESCO ti ṣe àpérò ọdún 1953 lórí ìdàgbàsókè ilé-ìkàwé gbogbogbòò ní Áfíríkà, tí àwọn olùkópa fi ẹnu kò pé kí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà fún gbogbo ará ìlú, kí owó ìjọba sì máa gbé e ró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan kíkọ́ ilé-ìkàwé àwòkọ́ṣe, Enugu ni ó bọ́ sí, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1959. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ni Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ tó wá wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà. Lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá ni ti ọ̀kan, Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn ni ti èkejì, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣe ètò tí yóò kan àwọn méjèèjì ní láti kan ìlẹ̀kùn méjì.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò dá. Púpọ̀ nínú ìwé tí àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ń tẹ̀ ní Íńdíà àti Ṣáínà, àti èyí tí àwọn aláàánú òkè òkun ń fi ránṣẹ́ sí ilé-ìkàwé wa, inú kọ̀ńtẹ́nà ni ó ń bá wọlé ní èbúté Àpápá, tírélà ni ó sì ń gbé e jáde. Àwọn tírélà wọ̀nyí kan náà, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tò sí etí títì kí ìjọba tó mú ètò ìpè tí a ń pè ní Ètò wá ní ọdún 2021, ni kì í jẹ́ kí òbí gbà kí ọmọ ọdún 9 dá sọdá lọ wá ìwé ní ibi tí ó jìnnà. Nítorí náà, ilé-ìkàwé tí ẹsẹ̀ ọmọdé kò lè gbé e dé láti Boundary tàbí Alayabíàgbà ní Ajégúnlẹ̀ kò sí fún un rárá, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Ẹni tí ó bá wọ ilé-ìkàwé ìjọba kan ní Èkó ní ọjọ́ iṣẹ́ yóò rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ìbéèrè àtijọ́ WAEC àti JAMB ni ó wà níwájú wọn, ìwé tí wọ́n mú wá láti ilé ni wọ́n sì ń kà. Àga, tábìlì, iná àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n wá wá. Kò sí àbùkù nínú èyí. Ní ilé oníyàrá púpọ̀ tí ilẹ̀kùn wọn dojú kọra, tí gbogbo Èkó ń pè ní face-me-I-face-you, tí ènìyàn mẹ́fà lè wà nínú yàrá kan, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo lójú fèrèsé, àga kan níbi tí ó dákẹ́ kì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ ìwé orí pẹpẹ kì í kúrò lórí pẹpẹ lọ́nà yìí, ìpèníjà ìwé kíkà kò sì lè dúró lórí ìwé tí kò jáde.

Ìdí tí kì í fi í jáde rọrùn láti rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ yá ìwé sábà máa ń kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù, yóò lẹ fọ́tò pélébé mọ́ ọn, yóò sì wá onídùúró, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dájú tí yóò san owó ìwé bí ó bá sọnù. Ìyá tí ń ta ẹja ní ọjà Boundary lè mọ igba ènìyàn, kí ó má mọ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí yóò fi ọwọ́ sí ìwé fún ọmọ rẹ̀. A kò lè dá òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé lẹ́bi, nítorí pé nínú ìwé ìṣirò ìjọba ohun-ìní ìlú ni ìwé, bí ó bá sì sọnù òun ni wọn yóò bi léèrè. Ọ̀nà àbáyọ kò jìnnà: olùkọ́ kíláàsì lè dúró fún ọmọ 30 lẹ́ẹ̀kan náà, àlùfáà tàbí lémọ́ọ̀mù àdúgbò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí a sì kà á sí bíntín pé ìwé díẹ̀ yóò sọnù lọ́dún. Nígbà tí ilé-ìkàwé ìlú Chicago fagi lé owó ìtanràn lórí ìwé tó pẹ́ ní ọdún 2019, ńṣe ni àwọn ènìyàn ń kó ìwé tí ó ti pẹ́ nílé wọn padà wá.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni orí tábìlì ìyáwèé. Ní ẹ̀yìn ìwé ni àpò kékeré kan wà tí káàdì ìwé ń gbé, ojú ewé kan sì wà tí òṣìṣẹ́ ń fi òǹtẹ̀ lu ọjọ́ ìdápadà sí. Bí ìwé bá jáde, káàdì yóò kù nílé, orúkọ ọmọ yóò wà lórí rẹ̀. Nígbà ìpèníjà, ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ yóò tún ní ìlà fún orúkọ ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé, ohun tí ó dùn mọ́ ọn jù, àti ìfọwọ́sí òbí. Ìfọwọ́sí yìí ni ó ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí pé ọmọ lè fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, òbí tí kò mọ̀wé sì lè tijú láti tẹ ìka. Ọmọ tí ó gbọ́n féfé tún lè da ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé kọ, kí ó ní òun ti ka ìwé 10. Òṣìṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ kì í bá a jà. Ìbéèrè kan péré ni yóò bi í, irú èyí tí kò sí lẹ́yìn ìwé, bíi ẹni tí ó fi ẹyẹ inú ìtàn náà sílẹ̀ àti ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí gba àkókò, ó sì gba kí òṣìṣẹ́ náà ti ka ìwé náà ṣáájú ọmọ. Ilé-ìkàwé tí òṣìṣẹ́ méjì ń bójú tó kò lè gba ọmọ 300 sínú irú ètò bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye yìí ni yóò dùn létí olóṣèlú jù.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà ńbẹ̀. Ní ọdún 1998, ilé-ìkàwé ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ ìdarí Nancy Pearl, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí gbogbo ìlú ti ń ka ìwé kan náà pọ̀. Bí Ajégúnlẹ̀ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, èdè wo ni ìwé náà yóò jẹ́, níbi tí Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ́, Ùròbò, Ìgbò àti Hausa ti ń gbé pọ̀, tí Píjìn sì so gbogbo wọn mọ́ra? Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó sábà máa ń wà nínú àtòjọ ìwé irú ètò yìí, láìka òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2018 tí ó ní kí a máa kọ́ Yorùbá ní ilé-ìwé sí. Ó ṣeé ṣe láti ka ìwé Yorùbá sókè kí a sì jíròrò rẹ̀ ní Píjìn, nítorí bí àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn nìyẹn lójoojúmọ́.

Níbi tí ilé kò bá sí, ọkọ̀ lè dé. Láti ọdún 2013 ni Funmi Ilori, tí ó jẹ́ olùkọ́ tẹ́lẹ̀, ti ń fi ọkọ̀ tí a to ìwé sí yí ká Èkó lábẹ́ orúkọ iRead Mobile Library, ó ń yá àwọn ọmọ ní ìwé, ó sì ń padà wá gbà á. Pípadà wá yìí ni ó mú un yàtọ̀ sí àwọn tí ń fi ìwé tọrẹ níwájú kámẹ́rà.

Nítòsí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ yìí kan náà ni ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikírì wà, tí àjọ Zaccheus Onumba Dibiaezue Memorial Libraries ti dá ilé-ìkàwé sílẹ̀, ibi kan ṣoṣo, bí a bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣeré díẹ̀, tí ẹ̀rù kì í ti í bani pé ẹni tí ó yá ìwé yóò kó kúrò ládùúgbò. Irú ìpèníjà bẹ́ẹ̀ wà fún ẹlẹ́wọ̀n pàápàá níbòmíràn: ní Brazil, láti ọdún 2012, ìlànà ìjọba gbà pé kí ẹlẹ́wọ̀n tí ó bá ka ìwé kan rí ìdínkù ọjọ́ 4 nínú ìdájọ́ rẹ̀, tí kò sì gbọdọ̀ ju ìwé 12 lọ lọ́dún, èyí tí í ṣe ọjọ́ 48. Ẹlẹ́wọ̀n náà kò kàn ní sọ pé òun ti kà á: yóò kọ àròkọ lórí ìwé náà, ìgbìmọ̀ kan yóò sì kà á láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọjọ́ kankan.