Àdéhùn Òwò Áfíríkà: Kí Ẹ Tó Fi Owó Ránṣẹ́ Sílé

Ìdílé kan bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan. Àbúrò wọn ní Èkó ní kí wọ́n fi owó tí wọ́n tọ́jú ra ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù ní London, kí ẹrù náà gba Kútọnu wọ Nàìjíríà, torí pé "Áfíríkà ti di ọjà kan, kò sí owó ibodè mọ́." Ṣé òótọ́ ni? Rárá o.

Kí ni wọ́n fọwọ́ sí?
Ní oṣù Kẹta, 2018, orílẹ̀-èdè 44 fọwọ́ sí àdéhùn òwò Áfíríkà ní Kigali. Nàìjíríà kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, torí ẹ̀rù ń ba àwọn oníléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ọjọ́ 7 oṣù Keje, 2019 ló tó fọwọ́ sí i. Òwò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, 2021. Díẹ̀díẹ̀ ni owó ibodè ń dín kù, lórí 90 nínú 100 irú ọjà.

Ta ló ń jèrè?
Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ọjà ₦100,000 wá láti Kenya, tí owó ibodè rẹ̀ jẹ́ 20 nínú 100. ₦120,000 ló dà yẹn. Bí wọ́n bá mú owó ibodè kúrò, ẹni tó ń rà á jèrè ₦20,000. Ṣùgbọ́n ìjọba pàdánù iye yẹn, ẹni tó sì ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣe irú ọjà bẹ́ẹ̀ l'Ábẹ́òkúta lè má rí i tà mọ́. Àmọ́ òun náà lè kó tirẹ̀ lọ sí Kenya. Ilẹ̀kùn tó ṣí, àlejò ń gbà á wọlé, onílé náà ń gbà á jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà
Ọjà tí wọ́n ṣe ní Áfíríkà, tó sì ní ìwé ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti ṣe é, nìkan ni àdéhùn yìí wà fún. Ẹ̀rọ láti London kò di ọmọ Áfíríkà torí pé ó sùn ní Kútọnu. Owó tó bá tọ́ sí i, ẹ óò san án.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìwé ọ̀tọ̀, ibodè ọ̀tọ̀. Oṣù Kẹjọ, 2019, kété lẹ́yìn tí Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn yìí, ló ti ibodè orí ilẹ̀ pa. Oṣù Kejìlá, 2020 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i.

Nítorí náà, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: Níbo ni wọ́n ti ṣe ọjà náà? Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dà? Ṣé ó wà lára ọjà tí owó ibodè rẹ̀ ti dín kù? Bí kò bá yé yín, ẹ kó ìwé yín wá ká jọ wò ó kí ẹ tó sanwó. Ọ̀fẹ́ ni.