Ta Ni Àjàní Fẹ́ràn Gan-an?

Ẹ gbé àdìrẹ lọ bá aránṣọ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí, kí ẹ ní ó le kú ni ẹ fẹ́ kó rán fún yín. Kò ní bi yín ní ìbéèrè kejì. Ìró tí kò ju orúnkún lọ àti bùbá ni yóò rán. Fíìmù tí Túndé Kèlání, ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà ní ìlú wa yìí, ṣe ní ọdún 1997 ló dá àṣà ìmúra náà padà sí ìgboro. Ìwé ló bí fíìmù ọ̀hún: Ó Le Kú, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Oxford University Press sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1974.

Bí ẹ bá bi àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní ìwé ìtàn ìfẹ́, òun ni a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Igbó, iwin àti ọdẹ ni Fágúnwà fi bẹ̀rẹ̀ ní 1938. Olè àti ọ̀daràn ni Òkédìjí gbé wá ní 1969 nínú Àjà Ló Lẹrù. Ìṣọ̀lá mú wa wọ Yunifásítì Ìbàdàn. Àjàní ti wà ní ọdún àṣekágbá, ìyá rẹ̀ sì ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó mú ìyàwó wálé. Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé ni ọ̀rọ̀ wá kàn. Èdè ìwé náà dùn bí oyin; bí ọ̀dọ́ ṣe ń ṣẹ̀fẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an, ariwo ẹnu ọmọ ìgboro ni.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, ọmọ ọdún 16, ní kí n wá ìwé ìfẹ́ lédè Yorùbá fún òun. Mo gbé Ó Le Kú fún un. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi dá a padà. Ó ní, “Àǹtí, ó pa mí lẹ́rìn-ín o. Ṣùgbọ́n ta ni Àjàní fẹ́ràn gan-an nínú wọn?”

Mo tún ìwé náà kà nítorí ìbéèrè yìí, n kò sì rí èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ojú Àjàní la fi ń wo gbogbo nǹkan. Ó ń gbé àwọn ọmọbìnrin náà yẹ̀ wò bí ẹni tó ń ra iṣu lọ́jà Kútọ̀: èyí lẹ́wà, èyí gbọ́n, èyí ni ìyá yóò fẹ́. Àwọn náà ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì mú, ṣùgbọ́n bí Àjàní bá ti jáde nínú yàrá, ìtàn bá a jáde. Kí ni Àṣàkẹ́ ń rò lálẹ́ ọjọ́ náà? Òǹkàwé ọdún 16 fẹ́ mọ̀, nítorí ipò Àṣàkẹ́ ló fi ara rẹ̀ sí. Bí ìwé ẹ̀rín, Ó Le Kú kò lẹ́gbẹ́. Bí ìwé ìfẹ́, ó kù díẹ̀ káàtó.

Kì í kúkú ṣe Ìṣọ̀lá nìkan. Ní 1929, obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà nípa àwọn ọkùnrin ayé rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́. Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ ọ́! Níkẹyìn, obìnrin sọ ìtàn ìfẹ́ ara rẹ̀ lédè wa, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló ń gbẹnu sọ fún un, ẹkún àbámọ̀ ló sì fi ṣe.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Àwọn ìyá wa rí Evbu My Love kà ní 1980, èyí tí obìnrin bíi tiwọn, Helen Ovbiagele, kọ, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ti padà sórí fóònù rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọbìnrin ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ bí àyà wọn ṣe ń já nígbà tí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn bá wọlé. Ó mọ gbólóhùn wọn lórí. Nígbà tí mo ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ̀rín ló ń rín.