Kòkòrò Tí Ó Ń Jẹ Ike: Ohun Tí Ó Lè Jẹ àti Èyí Tí Kò Lè Jẹ

Ìròyìn kan ti ń yí ká lórí WhatsApp láti bí ọdún mélòó kan: pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí kòkòrò tí ó ń jẹ ike, àti pé láìpẹ́ wọn yóò dà á sínú òkun kí ó lè jẹ gbogbo ìdọ̀tí ibẹ̀ tán. Òtítọ́ ni apá kìíní ìròyìn náà. Apá kejì kì í ṣe òtítọ́, ó sì léwu, nítorí ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ yóò máa fi ọkàn balẹ̀ ju ìgò omi sínú gọ́tà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo fẹ́ kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ní ọdún 2016 ni Shosuke Yoshida àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ti lọ sí ìlú Sakai, nítòsí Osaka, níbi tí ilé-iṣẹ́ kan ti ń tún ìgò ike lò. Wọ́n bu erùpẹ̀, wọ́n bu ẹrẹ̀, wọ́n bu omi ìdọ̀tí, títí ó fi pé 250 àpẹẹrẹ. Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá ohun abẹ̀mí kan wà níbẹ̀ tí ó ti sọ ike di oúnjẹ. Wọ́n rí bakitéríà kan, wọ́n sì fi orúkọ ìlú náà pè é: Ideonella sakaiensis.

Bakitéríà yìí kò ní eyín. Ẹ́ńsáìmù ni ó ń tú jáde sára ike. Púrótéènì ni ẹ́ńsáìmù, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gé nǹkan tàbí láti so nǹkan pọ̀. Irú rẹ̀ wà nínú itọ́ wa; òun ni ó ń mú kí iṣu sísè máa dùn sí i bí a bá rọra jẹ ẹ́ pẹ́ lẹ́nu. Ti bakitéríà Sakai ń gé ike kan ṣoṣo, èyí tí a ń pè ní PET.

PET ni ìgò omi àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ní ọdún 1941, John Rex Whinfield àti James Tennant Dickson gba ìwé ẹ̀rí fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aṣọ ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Ìgò kò dé àfi ní ọdún 1973, nígbà tí Nathaniel Wyeth gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bí ẹ bá wọ aṣọ ẹbí tí wọ́n fi políẹ́sítà hun, tí ẹ sì gbé ìgò omi tútù lọ́wọ́ lóde àríyá, ohun kan náà ni ẹ wọ̀ tí ẹ tún gbé dání.

Ẹ jẹ́ kí a wo PET bí ẹ̀wọ̀n gígùn tí ó ní oríkèé. Irú oríkèé yẹn kì í ṣe àjèjì. Òun ni ó wà nínú epo àti àdín. Bí àwọn ìyá wa bá ń se ọṣẹ dúdú, omi eérú ni wọ́n fi ń gé oríkèé inú àdín kí ó tó di ọṣẹ. Ó wà lára ewé pẹ̀lú: awọ ewé tí kì í jẹ́ kí omi wọlé ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní cutin, oríkèé yìí náà ni ó so ó pọ̀. Àwọn kòkòrò orí ààtàn ti ń gé cutin láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nígbà tí kò tíì sí ike láyé.

Ọ̀rá pió wọ́tà kò ní oríkèé yìí rárá. Políẹ́tílíìnì ni, kábọ́ọ̀nù ni ó di kábọ́ọ̀nù mú láti orí dé ìdí rẹ̀, ọ̀bẹ ẹ́ńsáìmù yìí kò sì rí ibi wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ike funfun tí wọ́n ń di oúnjẹ sí, èyí tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin dè ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Yorùbá, inú mi dùn pé a ní "ike", a sì ní "ọ̀rá", nígbà tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe méjèèjì ní orúkọ kan. Àmọ́ kí a má fi yangàn jù: garawa àti kẹ́ẹ̀gì náà ń jẹ́ ike lẹ́nu wa, wọn kì í sì í ṣe PET.

Bakitéríà Sakai lọ́ra. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó fi jẹ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tán ní ìwọ̀n ooru 30 dígírì, ike náà sì rọ̀ ju ti ìgò lọ. Ibi tí ìyára ti wọ̀ ọ́ ni Toulouse, ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí ibẹ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Carbios lo ẹ́ńsáìmù mìíràn tí àwọn ará Osaka ti rí lórí ààtàn ewé àti ẹ̀ka igi. Agé-cutin ni. Wọ́n tún un ṣe títí ó fi gé ìdá 90 nínú 100 PET láàárín wákàtí 10. Ìwọ̀n ooru 72 dígírì ni wọ́n ti ṣe é, omi tí yóò bó ènìyàn lára. Ooru yẹn ṣe pàtàkì: níbẹ̀ ni ike ti ń dẹ̀, tí ẹ́ńsáìmù fi ń ráyè wọ àárín ẹ̀wọ̀n.

Ní Texas, kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kà níwájú. Ẹ́ńsáìmù Sakai jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ 290 tí a sín lẹ́sẹẹsẹ, irú ìlẹ̀kẹ̀ 20 ni a sì lè fi sí àyè kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó lè dán gbogbo àṣàyàn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Hal Alper àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Texas, Austin, lo ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó ti wo púrótéènì tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá, tí ó sì ti mọ irú ìlẹ̀kẹ̀ tí ó máa ń jókòó sí irú àyè báyìí. Mo rí i bí ọmọ tí ó gbọ́ èdè láti kékeré: kò mọ òfin gírámà kan, síbẹ̀ etí rẹ̀ yóò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yìí kò bá gbólóhùn mu. Ẹ́ńsáìmù tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2022 yàtọ̀ sí ti Sakai ní àyè 5, kọ̀ǹpútà ni ó tọ́ka sí 3 nínú wọn. Ní 50 dígírì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ oríṣi abọ́ àti àpótí PET 51 tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà mọ ìrísí púrótéènì àti bí a ṣe lè ṣe tuntun, David Baker, Demis Hassabis àti John Jumper, gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì.

Kí ni ó wá dí wọn lọ́wọ́ tí wọn kò da èyí sínú òkun? Òkun kò gbóná tó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í sábà kọjá 4 dígírì, ike sì ti dé ibẹ̀: wọ́n ti rí ọ̀rá ní ibi tí ó jìn ju 10,000 mítà lọ nínú ọ̀gbun Mariana. Lẹ́yìn èyí, ẹ dán nǹkan kan wò nílé. Ẹ gé díẹ̀ lára ìgò omi, kí ẹ gé díẹ̀ lára ìdérí rẹ̀, kí ẹ tì wọ́n sábẹ́ omi nínú abọ́. Ti ìgò yóò rì. Ti ìdérí yóò léfòó, nítorí kì í ṣe PET. Ohun tí ó pọ̀ jù lójú òkun ni irú ìdérí àti ọ̀rá, èyí tí ẹ́ńsáìmù wa kò lè fọwọ́ kàn. Jenna Jambeck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2010 nìkan, ike tí ó wọ òkun wà láàárín mílíọ̀nù 4.8 sí mílíọ̀nù 12.7 tọ́ọ̀nù. Oòrùn àti ìgbì a sì máa fọ́ ọ wẹ́wẹ́, títí tí ẹja yóò fi máa gbé e mì.

Orí ilẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù yìí ti wúlò, nínú àgbá gbígbóná, fún ìgò tí a ti ṣà, tí a ti fọ̀, tí a ti lọ̀. Ẹnì kan ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣà á.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí ó ń ra ike lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣà á. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Kí ló dé tí ẹ fi ń yọ ìdérí?"

"Ọmọ mi, wọn kì í jọ yọ́."

Òótọ́ ni: ìdérí a ti yọ́ tán kí ìgò tó dé ìwọ̀n ooru tirẹ̀. Mo wá ròyìn ẹ́ńsáìmù Toulouse fún un. Ó gbọ́ mi dáadáa, ó fi ìgò mìíràn sínú àpò, ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Èló ni wọ́n ń ra kílò kan níbẹ̀?"

Ìbéèrè owó yìí ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Faransé pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí Carbios fẹ́ kọ́ sí Longlaville ti falẹ̀, wọ́n sún un síwájú ní ìparí ọdún 2024 nítorí owó. Owó PET tuntun tí a fi epo rọ̀bì ṣe ṣì kéré ju ti èyí tí wọ́n fẹ́ tún ṣe láti inú ìgò àlòkù.