Nígbà Tí Odò Kaduna Bá Fà: Ètò fún Ìrìn-Àjò Ọlọ́jọ́ Mẹ́ta Nínú Ọkọ̀ Àjẹ̀

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú tí odò Kaduna sì ti fà, ará Malali tí ó bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò yóò rí ohun tí kò jọ odò ìgbà òjò rárá. Omi tí ó ń lé àwọn ènìyàn jáde nínú ilé wọn ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án yóò ti di ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ láàrin iyanrìn. Àwọn tí ń wa iyanrìn tà yóò ti gba apá kan, àwọn tí ń gbin ẹ̀fọ́ yóò ti gba apá kejì. Àkókò yìí gan-an ni ìbéèrè kan máa ń jáde láti ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wa: níwọ̀n ìgbà tí omi ti rọlẹ̀, tí ẹ̀rù rẹ̀ kò sì bani mọ́, ṣé a kò lè fi ọkọ̀ àjẹ̀ gba ojú odò yìí dé Pátígi ní ìpínlẹ̀ Kwara, kí a sì ti ibẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpárá. Orí òkè Jos ni odò yìí ti ṣẹ̀. Ó gba ìlú Kaduna kọjá, ó gba Shiroro àti Zungeru, ó gba abẹ́ afárá Wuya tí ó wà lójú ọ̀nà Bida sí Mokwa, ó sì da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ Odò Ọya ní Muregi, tí kò jìnnà sí Pátígi ní òdìkejì omi. Gígùn rẹ̀ látòkè délẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 550.

Àwọn kan sì ti rìn ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn rí. Nígbà tí ìjọba Lugard gbé olú-ìlú Àríwá kúrò ní Jẹ́bbà lọ sí Zungeru ní 1902, ojú odò yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹrù wọn ń gbà. Nígbà òjò, ọkọ̀ stímà lè gòkè dé Barijuko, níbi tí ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ti ń kó ẹrù rin nǹkan bí máìlì 22 dé Zungeru. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, stímà di ohun àpatì. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí àwọn ọkùnrin ń fi ọ̀pá gígùn tì ni ó kù fún ẹrú àti fún ọ̀gá, ìrìn náà a sì di ti ọ̀pọ̀ ọjọ́. Agbára ìjọba aláwọ̀ funfun nígbà náà kò mú kí omi jìn ju bí ó ti jìn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ apá tí kò ṣeé ṣe. Láti Malali dé Shiroro, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lọ. Ibẹ̀ ni odò ti wọ àárín àpáta àti òkè, omi fífà a sì sọ ibẹ̀ di òkúta lásán. Ìsédò Shiroro tí wọ́n ṣí ní 1990 ti dí ọ̀nà, ìsédò Zungeru náà sì tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀pọ̀ abúlé ní Chikun, Shiroro àti Munya di ahoro. Ẹni tí ó bá ní òun yóò pàgọ́ sí etí omi níbẹ̀ ń fi ẹ̀mí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ta tẹ́tẹ́ ni.

Apá tí a lè bá sọ̀rọ̀ ni ìsàlẹ̀ odò, láti Wuya sí Muregi. Ilẹ̀ Tápà ni, àwọn Kede, ìyẹn Tápà tí ń gbé ojú omi, sì ti ń tukọ̀ níbẹ̀ láti ayébáyé. Ibẹ̀ náà, ààbò tí ó wà ní ọ̀sẹ̀ yìí lè má sí ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Lọ́dọ̀ olórí abúlé àti àwọn ọlọ́pàá ni kí a ti béèrè, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀rẹ́ tí ó lọ ní èṣí. Àwọn Kede wọ̀nyí ni kí a gbà ní atukọ̀. Iyanrìn odò a máa ṣí kiri lẹ́yìn ìkún omi, nítorí náà ojú ọ̀nà tí ó jìn lọ́dún tó kọjá lè ti di òkìtì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Pátígi ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 2023. Àwọn tí ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó ní Egboti, ní ìpínlẹ̀ Niger, wọ ọkọ̀ lóru. Ọkọ̀ náà kún àkúnjù. Ìròyìn sì sọ pé ó kọlu ìtì igi ńlá kan tí omi bò, ó sì là sí méjì. Àwọn tó kú lé ní 100. Ìtì igi yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé fi sọ́kàn. Bí odò bá kún, ọkọ̀ a máa gba orí irú igi bẹ́ẹ̀ kọjá láìmọ̀. Bí odò bá fà, igi náà kò kúrò níbẹ̀. Omi tó wà láàrin rẹ̀ àti ìdí ọkọ̀ ni ó tán. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní omi tí ó rọlẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ọkọ̀ kékeré méjì sàn ju ńlá kan lọ, kí ènìyàn mẹ́rin péré sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú atukọ̀. Kí a di ẹrù kí a sì gbé e sínú ọkọ̀ níbi tí omi kò ti ju orúnkún lọ. Bí ìdí ọkọ̀ bá ń ha ilẹ̀ níbẹ̀, ẹrù ti pọ̀ jù. Kí olúkúlùkù wọ bàtà tí omi kò lè bọ́, nítorí a ó sọ̀kalẹ̀ fa ọkọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àjọ NIWA tí ń ṣe àkóso ọ̀nà omi ilẹ̀ wa ti ka ìtukọ̀ òru léèwọ̀, ó sì pàṣẹ pé kí gbogbo èrò wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, àwọn ará wa tí ń lọ ṣe Máólúdì ní Gbajibo, ní agbègbè Mokwa, kó sínú ìjàm̀bá lálẹ́, nǹkan bí 300 nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá lè ra láìfù-jákẹ́ẹ̀tì kò tíì ṣetán àtilọ, ì báà jẹ́ Áfáà.

Kí a má ṣe fi máàpù ka ọjọ́. Níbi tí omi ti jìn, ọkọ̀ àjẹ̀ lè rin nǹkan bí kìlómítà 4 ní wákàtí kan. Níbi tí a ti ń fà á lórí iyanrìn, kìlómítà 1 lè gba wákàtí kan náà. Wákàtí 6 ni kí a kà sí iṣẹ́ òòjọ́, kí a dúró kí Àsárì tó lọ tán, kí a sì fi ọjọ́ kẹrin pamọ́ fún ìdádúró. Ibi tí a ó sùn kò gbọdọ̀ jẹ́ òkìtì iyanrìn àárín odò, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó. Àwọn ìsédò òkè a máa tú omi sílẹ̀ láti fi tan iná mànàmáná, odò sì lè gòkè lóru láìsí òjò kankan. Etí odò tó ga ni kí a pàgọ́ sí.

Ní ti ẹ̀sìn, àwọn mẹ́ta tí ń rìn pọ̀ yẹ kí wọ́n fi ẹnìkan ṣe olórí, gẹ́gẹ́ bí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti pa á láṣẹ. Lórí omi fífà, olórí yìí ni yóò sọ pé ó tó fún òní. Àwọn kan yóò béèrè bóyá a lè gé ìrun kúrú nígbà tí ìrìn ọjọ́ kan kò ju kìlómítà mélòó kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ni: láti ilé ni a ti ń ka ìrìn, Malali sí Wuya sì ti kọjá máìlì 48 tí àwọn onímọ̀ Màlíkì kà sí ìrìn-àjò dáadáa. Orí ilẹ̀ ni kí a ti kírun. Bí àyè rẹ̀ kò bá sí, ẹni tí ìdúró nínú ọkọ̀ bá lè mú ṣubú sómi lè jókòó kírun. Tàyámọ́mù kò sí fún ẹni tí odò wà níwájú rẹ̀, àyàfi aláìsàn, tàbí ẹni tí ẹranko búburú dí lọ́nà omi. Àwọn Hausa sì máa ń sọ pé ọ̀nì ni ó fún odò yìí lórúkọ, nítorí náà igbá ni kí a fi bu omi àlùwàlá Sùbúù, kí a má tẹ̀ ẹ́ wọ inú òkùnkùn.

Omi tí ó mọ́ fún àlùwàlá kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ fún mímu. Kí a gbé omi mímu dání, tàbí kí a sè é. Kí àwọn ọmọ má ṣe wẹ̀ níbi tí omi ti dúró sójú kan, nítorí àtọ̀sí ajá.

Kí a tó kúrò ní Malali, kí a kọ orúkọ gbogbo èrò sínú ìwé méjì: kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ olórí abúlé ní Wuya, kí èkejì wà lọ́wọ́ ẹni tí yóò dúró dè wá ní Pátígi. Bí Àsárì ọjọ́ kẹrin bá kọjá tí kò rí wa, kí ó mú ìwé náà lọ bá àwọn ọlọ́pàá láì dúró de ilẹ̀ mímọ́.