Inú Rírun Nǹkan Oṣù: Ibi Tí Agbára Ọwọ́ Mọ

Kó tó di pé kẹ́míìsì pọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, Ìṣẹ̀ àti Emùré ní Èkìtì, ọwọ́ ìyá ni oògùn inú rírun nǹkan oṣù. Wọn á fi òrí ra abẹ́ ìdodo àti ìbàdí ọmọbìnrin tí inú ń run wọ́ọ́rọ́wọ́, wọn á rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, wọn á fún un, wọn á sì fi jó o títí ara á fi rọ̀ ọ́. Ọ̀nà mìíràn ni àwọn òyìnbó gbà. Ní 1895, D. D. Palmer dá iṣẹ́ títo eegun ẹ̀yìn sílẹ̀ ní Davenport ní Amẹ́ríkà, ó ní eegun tó yẹ̀ ló ń fa ọ̀pọ̀ àìsàn. Àwọn tó tẹ̀ lé e ka inú rírun nǹkan oṣù mọ́ àwọn àìsàn náà. Mo gbà pé ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999 pín obìnrin 138 sọ́nà méjì: wọ́n ki eegun ẹ̀yìn àwọn kan gidigidi, wọ́n kàn rọra tẹ àwọn yòókù. Ìrora dín kù fún tọ̀tún tòsì, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. A jẹ́ pé eegun kọ́ lọ̀rọ̀ wà.

Inú ilé ọmọ ló wà. Ní 1957, V. R. Pickles ní Sheffield rí i pé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù tó ń mú iṣan sún kì. Òun la wá mọ̀ sí prostaglandin. Bó bá pọ̀ jù, ilé ọmọ á fún ara rẹ̀ débi tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní ráyè dé inú iṣan rẹ̀. Ooru ló ń mú un dẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2001 fi hàn pé ooru tí wọ́n dè mọ́ ikùn, nǹkan bí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣiṣẹ́ bí oògùn ìrora ibuprofen. Aṣọ gbígbóná àwọn ìyá wa kò ṣìnà rárá.

Ẹnì kan lè ní kí la tún fẹ́ fi ọwọ́ ṣe nígbà tí oògùn bí ibuprofen wà. Oògùn náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ máa gbé e mì bó ṣe wù ú. Ohun tó ń dùn mí jùlọ ni àwọn tó ń sọ fún ọmọdébìnrin pé ìrora náà yóò lọ tó bá bímọ. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ìrora tó ń le sí i lóṣooṣù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ya jù, lè jẹ́ àìsàn tí wọ́n ń pè ní endometriosis tàbí kókó inú ilé ọmọ. Ìfọwọ́ra kò lè wò ó sàn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tètè lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Adó-Èkìtì. Bí nǹkan oṣù obìnrin kò bá sì wá lásìkò, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀ títí tí ẹ ó fi mọ̀ bóyá ó lóyún.