Bí Ojú Ṣe Tan Ọ̀mọ̀wé Hofmann Jẹ

Ọkà kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù tí à ń pè ní rye, tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. Bí òjò àti òtútù bá pọ̀ ní àkókò ìtànná rẹ̀, irú olú kan a máa bà á jẹ́, a sì yọ nínú ṣírí rẹ̀, dúdú, bí ìgbẹ́ eku. Ergot ni orúkọ rẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá jẹ irú ọkà bẹ́ẹ̀ lè máa rí ohun tí kò sí. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹlòmíràn a sì rà títí yóò fi já. Àgbẹ̀ tí kò bá ṣa ọkà rẹ̀ dáadáa lè ṣe ìjàm̀bá fún odidi ìletò láìmọ̀.

Láti inú ohun olóró yìí ni Albert Hofmann ti ṣe LSD ní ọdún 1938, ní ilé iṣẹ́ Sandoz, ní ìlú Basel ní Swítsàlandì. Oògùn tí yóò ran mímí àti ìrìn ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ni ó ń wá. Kò rí i, ó sì pa á tì fún ọdún márùn-ún. Nígbà tí ó tún un ṣe, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1943, ó mọ̀ọ́mọ̀ mu ìdá mẹ́rin mìlígíráàmù kan, èyí tí kò wúwo ju hóró iyọ̀ bí mélòó kan lọ.

Kò pẹ́ tí òòyì fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ. Ogun ń jà nígbà náà, mọ́tò ṣọ̀wọ́n, nítorí náà kẹ̀kẹ́ ológeere ni òun àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ gùn lọ sí ilé. Ohun gbogbo ń mì níwájú rẹ̀ bí àwòrán inú dígí tí ó tẹ̀. Lójú tirẹ̀ wọn kò kúrò lójú kan. Ẹnìkejì rẹ̀ sì sọ lẹ́yìn náà pé eré ni wọ́n sá. Nínú ilé, àga àti tábìlì ń dẹ́rù bà á. Obìnrin aládùúgbò kan gbé wàrà wá fún un. Lójú rẹ̀ ó di àjẹ́ tí ó fi ìbòjú aláràbarà bojú. Aláàánú obìnrin yìí kò sì ṣẹ̀ ẹ́ rárá! Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta wà ní Lucerne. Ó rò pé òun ń kú lọ, láìdágbére fún wọn.

Dókítà dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò: ìmí rẹ̀ dára, ọkàn rẹ̀ ń lù déédéé. Ọmọlójú rẹ̀ nìkan ni ó fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ẹ̀rù kúrò, tí ó sì di ojú, ó rí àwọ̀ oríṣìíríṣìí tí ń yí po bí ìkòtó. Ìró mọ́tò tí ń kọjá pàápàá di àwòrán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ara rẹ̀ ti yá.

Àwọn àgbà ní ojú lọba ara. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí ìránṣẹ́ ni ojú jẹ́. Ọpọlọ ni ń túmọ̀ iṣẹ́ tí ó bá jẹ́ fún un. LSD a máa jókòó sí àyè tí serotonin, ìránṣẹ́ inú ara fúnra rẹ̀, ń jókòó sí. Ní ọdún 2016 àwọn onímọ̀ Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ohun tí wọ́n rí nínú ọpọlọ ènìyàn 20 tí wọ́n di ojú: apá tí ń ṣe ìtọ́jú ìríran ń bá apá púpọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìrántí àti ẹ̀rù ṣe lè di ohun tí à ń rí.

Ìyanu mìíràn ni pé àwòrán wọ̀nyí kì í ṣe àìníye. Heinrich Klüver kọ̀wé ní ọdún 1928 lórí mescaline, oògùn inú peyote, ewéko Mẹ́síkò tí ó jọ ọrọ́. Ohun mẹ́rin ni ó ń rí léraléra: àwọ̀n, òwú aláǹtakùn, ihò jíjìn bí kànga, àti ìyípo ìkòtó.

Àwọn díẹ̀ wà tí àwọ̀ àti ìlà kò yé yọ sí wọn lójú fún oṣù, tàbí ọdún, lẹ́yìn tí oògùn ti kúrò lára wọn. Hofmann fúnra rẹ̀ gbé ayé títí di ọdún 2008, ó sì pé ọdún 102. Nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1979, ọmọ tí ń kó ìdààmú bá òun ni ó pe LSD.