Táyà ọkọ̀ akẹ́rù ẹgbẹ́: ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó wo eyín rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ olóko òwú ní Bantè àti Savalou, irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò la sábà máa ń bá yín sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ táyà ọkọ̀ la mú wá.

Ẹgbẹ́ mìíràn ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tirẹ̀, èyí tí a ń pè ní bàṣé. Ẹgbẹ́ mìíràn ń háyà rẹ̀. Ọkọ̀ yìí ló ń kó ajílẹ̀ láti màgásíìnì lọ sí abúlé nígbà òjò. Òun náà ló ń kó òwú láti oko wá sí ibi ìwọ̀n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òwú bá tán, ó tún kó iṣu, kajú àti ẹ̀wà sọ́yà. Bí táyà rẹ̀ bá bẹ́ lóṣù Kẹfà, ajílẹ̀ kò ní dé lásìkò. NPK yẹ kó wọ ilẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 15 lẹ́yìn tí a gbin òwú, urea ní nǹkan bí ọjọ́ 40. Òwú kì í dúró de ọkọ̀. Bí táyà bá sì bẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ru ẹrù tó ń sáré, ọkọ̀ lè dojú dé, ẹ̀mí sì lè bá a lọ.

Bí a bá lọ ra táyà, eyín rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ máa ń wò. Bí eyín bá tóbi tó sì rí gbàgùdù, a ó ní táyà yìí lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Táyà lè ní eyín bíi ti katakata, kí agbára rẹ̀ láti gbé ẹrù má tó nǹkan. Agbára náà ni a kọ sára rẹ̀, ní ìhà. Ẹni tó bá lè ka nọ́ńbà lè kà á.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n tí ọkọ̀ yín ń gbé

Ẹ mú ìwé ọkọ̀, ìyẹn carte grise. Ẹ wá ibi tí a kọ PTAC sí. Nọ́ńbà yẹn ni ìwọ̀n tí ọkọ̀, ẹrù àti èèyàn inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá lápapọ̀. Ẹ tún wá ìwọ̀n ọkọ̀ ní òfìfo.

Ẹ jẹ́ ká ṣe àpẹẹrẹ kan. Ká sọ pé PTAC jẹ́ kilo 3200, ọkọ̀ òfìfo sì jẹ́ kilo 2100. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ kilo 1100. Awakọ̀ àti ẹnì kan pẹ̀lú rẹ̀ gba bíi 150. Ó ku kilo 950 fún ẹrù, ìyẹn àpò ajílẹ̀ oníkilo 50 mọ́kàndínlógún.

Bí a bá ń fi àpò NPK 4 àti àpò urea 1 sí hẹ́kítà kan, àpò 19 kò tó hẹ́kítà 4. Ẹni tó ní hẹ́kítà 10 nílò àpò 50, ìyẹn kilo 2500. Ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá kó àpò 50 náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹrù ọkọ̀ mẹ́ta lé ọkọ̀ kan lórí. Kò sí táyà tí ẹ lè rà tó máa tún ìyẹn ṣe, torí irin abẹ́ ọkọ̀ àti bíréèkì náà ní ìwọ̀n tiwọn.

Òwú yàtọ̀ sí ajílẹ̀. Ó fúyẹ́, àmọ́ ó gba àyè, a sì máa ń tò ó ga. Ewu rẹ̀ ni pé ọkọ̀ lè ṣubú ní kọ́nà. Iṣu àti ajílẹ̀ ló ń pa táyà, torí wọn kì í ga lójú, ìwọ̀n wọn sì pọ̀.

2. Bí a ṣe ń ka ara táyà

Ká sọ pé ẹ rí i tí wọ́n kọ: 205 R 16 C 110/108 R.

205 ni fífẹ̀ táyà, ní mílímítà. R àkọ́kọ́ fi hàn pé okùn inú táyà náà gba ìbú lọ tààrà. Bí ọ̀pọ̀ táyà òde òní ṣe rí nìyẹn. Ẹ má fi táyà tó ní R àti èyí tí kò ní i sórí ọ̀pá kan náà. 16 ni ìbú irin tí táyà wọ̀ lé, ní ínṣì. C fi hàn pé wọ́n ṣe é fún ọkọ̀ akẹ́rù. Lára àwọn mìíràn, LT ni ẹ ó rí. Iṣẹ́ ẹrù ni wọ́n ṣe òun náà fún.

110 ni nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì jù lọ. Ó ń sọ ìwọ̀n tí táyà kan lè gbé. Nọ́ńbà kejì, 108, wà fún ọkọ̀ tó ní táyà méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn. Ẹ lẹ àkọsílẹ̀ yìí mọ́ ara ògiri màgásíìnì:

91: kilo 615
100: kilo 800
104: kilo 900
108: kilo 1000
110: kilo 1060
112: kilo 1120
116: kilo 1250
121: kilo 1450

Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ń sọ eré tí táyà lè sá: N jẹ́ kilomita 140 ní wákàtí kan, Q jẹ́ 160, R jẹ́ 170, S jẹ́ 180. Ẹni tó ru ajílẹ̀ kò ní sá irú eré bẹ́ẹ̀. Ẹ má san owó kún owó nítorí lẹ́tà yìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọkọ̀ oníkilo 3200 wa. Bí ẹrù bá kún, ẹ̀yìn ló ń gbé púpọ̀ jù. Ká sọ pé 2000 wà lẹ́yìn; táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń gbé 1000. Táyà 108 gbé e gẹ́ẹ́, kò sí àlékún kankan fún kòtò tàbí ẹrù tó tẹ̀ sí apá kan. 110 tàbí 112 sókè ló yẹ. Wàyí o, táyà 91 ti ọkọ̀ kékeré lè wọ irin ìbú 16 náà, eyín rẹ̀ sì lè jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n méjèèjì lápapọ̀ kò lè gbé ju 1230 lọ. Ẹni tó bá fi í sẹ́yìn bàṣé ti ń wá ewu kiri.

3. Nísinsìnyí, ẹ wo eyín

Oríṣi mẹ́ta ni táyà bàṣé. Èkíní ni ti ọ̀nà ọlọ́dà, tí wọ́n sábà máa ń pè ní H/T. Eyín rẹ̀ sún mọ́ra, kì í pariwo, kì í tètè jẹ lórí ọ̀dà. Bí ó bá wọ ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á dí i, á sì máa yí lójú kan. Èkejì ni ti ẹrẹ̀, M/T. Eyín rẹ̀ tóbi, àyè sì pọ̀ láàárín wọn. Ó ń jáde nínú àbàtà, ṣùgbọ́n ó ń tètè jẹ lórí ọ̀dà, ó ń mu epo, bíréèkì rẹ̀ kò sì múná lórí ọ̀dà tó tutù. Ẹ̀kẹta ni ti gbogbo ilẹ̀, A/T, tó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ ro ìrìn ọkọ̀ yín ní ọjọ́ kan. Ó lè gba ọ̀nà ọlọ́dà tó ti Savalou kọjá ní Bantè lọ sí Bassila. Lẹ́yìn náà, ó yà sí ọ̀nà oko ní agbègbè Akpassi, Agoua, Doumè tàbí Djaloukou. Níbẹ̀, yangí àti òkúta mímú ló kún ọ̀nà nígbà ọyẹ́. Bí òjò bá dé, ẹrẹ̀ á gba ibi tó rẹlẹ̀. Ọkọ̀ tó ń rìn báyìí, A/T ló yẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé láti Savalou sí Bantè lórí ọ̀dà nìkan ni ọkọ̀ yín ń lọ, H/T tó ní C tàbí LT tó yín.

Òkúta yangí kì í sábà gé eyín táyà. Ìhà ló ń gé. Lára ọ̀pọ̀ táyà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ SIDEWALL pẹ̀lú nọ́ńbà kan, tó ń sọ iye ìpele okùn tó wà ní ìhà. 3 le ju 2 lọ. Bí táyà méjì bá jọra nínú ohun gbogbo tó kù, èyí tó ní 3 ni kí ẹ mú.

Ẹ ó tún rí M+S lára táyà púpọ̀, tàbí àwòrán òkè pẹ̀lú yìnyín. Ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ àti yìnyín ti ilẹ̀ òtútù ni wọ́n. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa ẹrù. Bí ọlọ́jà bá tìtorí wọn bu owó lé táyà, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò.

4. Ọjọ́ orí táyà

Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Oòrùn àti ooru ń gbẹ ẹ́, á máa là wẹ́wẹ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ DOT. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ orí: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Nígbà mìíràn, ìhà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ yí táyà náà padà.

Táyà àlòkù lè ní eyín púpọ̀ kó sì jẹ́ pé ó ti pé ọdún 12. Bí ó bá ti ju ọdún 10 lọ, ẹ má rà á, bó ti wù kó dán tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ wò ó bóyá ó la, bóyá ó wú, bóyá wọ́n ti lẹ ìhà rẹ̀. Ìhà tó ti gé kò ṣeé lẹ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù. Láàárín eyín, ẹ ó rí ìdènà kékeré kan tó ga ní mílímítà 1,6. Bí eyín bá ti jẹ dé ibẹ̀, táyà ti parí.

5. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu

Ẹ ra ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí sínú ìwé rẹ̀. Táyà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ń ni ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì lára, ó ń gbé ọkọ̀ ga, ó sì lè máa họ ara ọkọ̀ nígbà tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ irin inú rẹ̀ á máa jẹ ara wọn. Kí táyà ìfidípò náà ní agbára kan náà; ó lè di táyà ẹ̀yìn nígbàkigbà.

6. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ẹrù

Agbára tí a kọ sára táyà kò sí níbẹ̀ bí afẹ́fẹ́ kò bá pé. Bí ẹ bá ń ká wáyà síwá sẹ́yìn, ojú ibẹ̀ á gbóná, á sì já. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìhà táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré ṣe ń ká ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Ó ń gbóná, ó ń bẹ́. Ó tilẹ̀ lè gbiná, òwú sì wà lókè rẹ̀.

Ẹ ra ohun ìwọn afẹ́fẹ́ kan fún ẹgbẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn. Ẹ tẹ̀ lé iye tó wà ní ẹnu ilẹ̀kùn; ti ẹrù kíkún sábà ju ti òfìfo lọ, pàápàá lẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ bá ń ka PSI, bar 1 jẹ́ 14,5 PSI. Bí táyà bá ti gbóná, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á ga díẹ̀. Ẹ má jò ó. Awakọ̀ mìíràn máa ń jo afẹ́fẹ́ láti jáde nínú ẹrẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kí ọkọ̀ wà ní òfìfo, kó rọra rìn, kó sì fẹ́ ẹ padà kó tó gun ọ̀dà. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìfẹ́ táyà nínú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dán an wò.

7. Ìṣirò owó

Ká sọ pé táyà àlòkù jẹ́ 30000 F, ó sì rin kilomita 10000. Tuntun jẹ́ 90000 F, ó sì rin 45000. Fún kilomita 10000, àlòkù gba 30000 F, tuntun gba 20000 F. A fi iye wọ̀nyí ṣe àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò wọn. Kí akọ̀wé ní ìwé kan fún ọkọ̀, kó kọ ọjọ́ tí a ra táyà, nọ́ńbà DOT rẹ̀ àti kilomita tí ọkọ̀ wà. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìwé yẹn á sọ táyà tó dára fún yín ju ọlọ́jà èyíkéyìí lọ.

Ẹ má rán ẹnì kan ṣoṣo lọ rà á. Kí awakọ̀, akápò àti akọ̀wé jọ lọ, kí wọ́n mú ìwé yìí lọ́wọ́, kí wọ́n yẹ nǹkan mẹ́fà yìí wò kí owó tó jáde:

– Ṣé ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ọkọ̀ mu?
– Ṣé C tàbí LT wà lára rẹ̀?
– Ṣé nọ́ńbà agbára rẹ̀ ju ìwọ̀n tí táyà ẹ̀yìn ń gbé lọ?
– Ọdún wo ni wọ́n ṣe é?
– Ṣé ìhà rẹ̀ pé, kò là, kò wú?
– Ṣé eyín rẹ̀ bá ọ̀nà wa mu?

Ọ̀rọ̀ eyín ló gbẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kó gbẹ̀yìn lọ́jà náà.